Wòléwòlé àti Ẹjọ́ Adìyẹ Díndín

Bí ẹ bá gba Adégbàyí kọjá ní ọdún kẹta tí a gba òmìnira, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀, tó ń tayín, tí kò sì tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àná, Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah Bámgbóṣé lẹ rí yẹn. Igi ìtayín ẹnu rẹ̀ ti pé ọjọ́ márùn-ún. Kafé Títíladé ní Òkè-Àdó ló ti mú un bọ̀ ní Sátidé. Títí Sátidé mìíràn yóò fi dé, igi kan náà ni yóò máa fi tú eyín kan náà, kí ẹni tó bá ń kọjá lè béèrè pé, "Bàbá, kí lẹ jẹ?"

Kò tíì sí ẹni tó béèrè tí kò kábàámọ̀. Wákàtí kan ni ìdáhùn máa ń gbà.

Wòléwòlé ni Hezekiah kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ wòléwòlé, ẹ ti mọ irú ènìyàn tí mò ń wí. Ó ń wọ ilé onílé láì kan ilẹ̀kùn, ó ń ṣí ìkòkò omi, ó ń yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọ̀pá tú ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó sọ owó nù síbẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Ó gbé èmi náà lọ sí kóòtù nígbà kan nítorí ìdin ẹ̀fọn kan ṣoṣo tó rí nínú àmù mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀kan péré mà ni." Ó ní, "Ọ̀kan tí mo rí nìyẹn."

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn mi korò díẹ̀ nínú ìtàn yìí, ìdin yẹn ló ń bá mi jà. Èmi ni télọ̀ tó wà ní oríta Adégbàyí. Níṣojú Hezekiah, "wọ́n" ni mò ń pè é, mo sì máa ń dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ẹ̀yin, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní "ó".

Ìjọba gba fìlà iṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí ojú rẹ̀ gbà. Ilé kò sí mọ́ tó máa wò, ó wá kọjú sí abọ́. Hezekiah, Awolé-má-gbàgbé-ìsasùn! Ọkọ Àpèkẹ́ tó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ọjà Ṣáṣá dé Adégbàyí! Bó bá dé ibi ìsìnkú, á ní òun kò wá jẹun, òun kàn wá wo bí wọ́n ṣe se é ni. Wọ́n á gbé e síwájú rẹ̀. Á wò ó, á wò ó, títí abọ́ á fi mọ́.

Bó bá jẹ́ pé ìsìnkú nìkan ló mọ sí ni, ta ni ì bá bínú? Òkú kì í jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan alààyè, alààyè náà sì ni Ọmọ́wùnmí.

Ọmọ́wùnmí ni ọmọ tí ẹ̀gbọ́n Hezekiah bí kó tó kú. Ọmọ dáadáa ni, ó ka ìwé mẹ́fà dópin, ó sì ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ ọ̀gbìn. Òun àti tíṣà kan tó ń jẹ́ Ọláníran ti ń fẹ́ra láti ọdún mẹ́ta. Ilé-ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ní apá Alákìá ni Ọláníran ti ń kọ́ni. Onísùúrù ènìyàn ni, sùúrù rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di àrùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n fún un ní ìwé pé Ṣakí ni yóò ti máa ṣiṣẹ́ bí Jánúárì bá ti wọlé. Bí àwọn méjèèjì kò bá ṣègbéyàwó kó tó lọ, ó di kí ọ̀kan wà ní Ṣakí kí èkejì wà ní Adégbàyí, kí wọ́n máa fi lẹ́tà fẹ́ra. Lẹ́tà kò sì bímọ rí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí Hezekiah, tó dúró bíi bàbá ọmọ, lanu sí ọ̀rọ̀ náà kó sì fún wọn lọ́jọ́. Nílẹ̀ tiwa, ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ọmọ láì gba ẹnu ìdílé bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ọláníran wá sọ́dọ̀ Hezekiah, ó dọ̀bálẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Kó tó dìde ló wá fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, lẹ́yìn ìsìn, a fẹ́ fi oúnjẹ ọ̀sán ṣe àwọn ẹbí méjèèjì lálejò ní Kafé Títíladé. Ẹ bá wa wò ó bóyá ó tẹ́ yín lọ́rùn, sà."

Ẹ gbọ́ o! Ó sọ fún wòléwòlé pé kó wá wo nǹkan!

Hezekiah tún jókòó dáadáa. Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ilé náà jẹ́ ibi tí ènìyàn jẹ́jẹ́ lè lọ kó sì tún padà lọ. Lọ́jọ́ tí mo bá dá ẹjọ́ ilé oúnjẹ yẹn tán, lọ́jọ́ náà ni mo máa fún yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

Kí n má purọ́, Kafé Títíladé gbayì. Ìwé ìròyìn ti kọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fáànù mẹ́ta ló ń yí lókè àjà rẹ̀. Bíà ibẹ̀ tutù débi pé ìgò ń làágùn. Àwọn lọ́yà àti àwọn olùkọ́ Yunifásítì ló ń jókòó sórí àga gíga níwájú báà, tí ẹsẹ̀ wọn ń mì bíi ti ọmọdé. Ní ti adìyẹ díndín wọn, wọ́n ní òórùn rẹ̀ á ti kí ọ lójú títì kí o tó rí pátákó ilé.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Hezekiah wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn, ó wọ bọ́lẹ̀kájà, ó sọ̀ ní Òkè-Àdó. Ọláníran ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é. Bó ṣe rí i, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ láàárín tábìlì méjì. Àwọn oníbàárà yíjú wò wọ́n. Lọ́yà kan gbé bíà rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọkùnrin tó wà nílẹ̀ kọ́ ni Hezekiah rí. Àwọn tó ń wò ó ló rí. Ara rẹ̀ gbóná. Ó na ọwọ́ lé orí Ọláníran, ó sì fọhùn bíi bíṣọ́ọ̀bù:

"Dìde, ọkọ ọmọ mi! Ọlọ́run á fi ọmọ jíǹkí yín!"

Ṣé ẹ mọ̀ wá. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ àdúrà tó máa pa ẹnu mọ́, ìbáà jẹ́ pé kò mọ ẹni tí wọ́n ń gbà á fún. Gbogbo kafé ké "Àmín!" Àwọn tó ń se oúnjẹ náà ṣe àmín láti ẹ̀yìn. Hezekiah jókòó, ó jẹ itan adìyẹ méjì, ó mú igi ìtayín kan, ó ká bébà ìnuwọ́ tí wọ́n tẹ orúkọ kafé sí, ó fi sí àpò àyà, ó sì wálé. Kò mú nǹkan mìíràn bọ̀ fún Àpèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ju ìròyìn lọ.

Ọmọ́wùnmí ti dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Bàbá, ẹ kú àbọ̀. Báwo lẹ ṣe rí ibẹ̀? Ọjọ́ wo ni ká mú?"

"Ọjọ́ kẹ̀?" Hezekiah tú bàtà. "Adìyẹ nìkan ni mo gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹja ńkọ́? Agbẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Mi ò lè ṣìkà sí ẹja."

Ní Sátidé kejì, ó lọ gbọ́ tẹnu ẹja. Ọláníran dọ̀bálẹ̀. Hezekiah súre ìbejì fún un. Àmín mi ilé tìtì. Ẹja náà wí tirẹ̀, ó wí i dé egungun.

Ní Sátidé kẹta, ẹran màlúù ló kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n parí ẹran màlúù, Hezekiah ní adìyẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n tún gbé adìyẹ wá.

Ní Sátidé kẹrin, ó ní ilé oúnjẹ ni òun ti ń wò, òun kò tíì wo báà. "Ẹ̀yin mọ̀ pé èmi kì í mutí," ló wí fún wa. "Èmi tí mo máa ń gba ọrẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Mo kàn máa wò ó ni." Wọ́n ran án lọ́wọ́ gun àga gíga. Ó wo ìgò àkọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀. Ó wo èkejì. Lọ́jọ́ náà ló fi àdúrà fún Ọláníran ní mọ́tò, ó tilẹ̀ sọ àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti sọ̀, kò rí ilẹ̀. Ènìyàn méjì ló gbé e.

Ní Sátidé karùn-ún, òjò rọ̀. Ó ní ẹ̀rí tí ènìyàn bá gbọ́ nínú òjò kò ṣe é gbára lé. Ní Sátidé kẹfà, kò tilẹ̀ wá ìdí kankan mọ́. Ó kàn wọ kóòtù ni.

Èmi ni mo ń tú ìbàdí ṣòkòtò kóòtù yẹn. Mo tú u lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan ààbọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo ní, "Bàbá, ẹ mà ń sanra."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ìwádìí ni."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu ní ọjọ́ kejì, nígbà tí Ọláníran kọjá níwájú ìsọ̀ mi tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Alákìá nínú eruku. Ó ti ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti fi san owó oúnjẹ Hezekiah. Mo bi í pé ṣé kò lè sọ fún bàbá pé ó tó. Ó ní, "Bọ̀dá, bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mi ò níwà. Ta ló ń fún ọkùnrin tí kò níwà lọ́mọ?" Ó dùn mí dé egungun. Oṣù kọkànlá ti dé ìdajì, Jánúárì ń bọ̀ bí ọkọ̀ tí kò ní búrẹ́ẹ̀kì, Hezekiah sì ń tayín.

Ọmọ́wùnmí sunkún lọ́jọ́ kan, ọjọ́ kan péré. Ní ọjọ́ kejì, ó nu ojú, ó gba oko lọ sí abà kan lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá. Ibẹ̀ ni Ìyá Àjíkẹ́ ń gbé.

Àbúrò bàbá Hezekiah ni Ìyá Àjíkẹ́. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, eyín mẹ́ta ló kù wọ́n lẹ́nu, kò sì sí ẹnì kan nínú ìdílé Bámgbóṣé tí ojú rẹ̀ lè kò tiwọn. Àwọn ló wẹ Hezekiah ní kékeré. Àwọn ni wọ́n sì nà án nígbà tó jẹ ẹran inú ìkòkò tán tó ní ológbò ni.

Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ Ọmọ́wùnmí títí dé òpin. Wọ́n ní, "Ó ti lọ lẹ́ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà, Ìyá."

"Kò sì tíì mọ̀ bóyá ó dùn?"

"Wọ́n ní ó kù díẹ̀."

Ìyá Àjíkẹ́ dìde, wọ́n lọ wá bàtà.

Nígbà tí Ọmọ́wùnmí padà délé, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá Hezekiah sọ̀rọ̀. "Bàbá, iṣẹ́ yìí mà pọ̀ fún ẹnì kan. Lọ́jọ́ ìdájọ́, ṣé kóòtù máa ń ṣófo ni? Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn yín wá gbọ́ bí ẹ ṣe máa dá a."

Orí Hezekiah wú. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Kí wọ́n wá. Kí wọ́n wá kọ́ ẹ̀kọ́."

Báyìí ni a ṣe kó sínú bọ́lẹ̀kájà ní Sátidé keje: Hezekiah níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, Ìyá Àjíkẹ́, Àpèkẹ́ tí kò tíì fi ojú kan kafé yẹn rí, Ọmọ́wùnmí, àti èmi tí mo ti ìsọ̀ mi pa. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Ìdin ẹ̀fọn ló rán mi.

Kafé kún. Ìròyìn ti tàn láàárín àwọn oníbàárà Sátidé pé bàbá kan máa ń wá síbẹ̀ tí àdúrà rẹ̀ lágbára, àwọn mìíràn sì ti ń wá nítorí àmín. A jókòó sídìí tábìlì ńlá. Ìyá Àjíkẹ́ wo fáànù lókè, wọ́n ní kí wọ́n gbé àga àwọn kúrò lábẹ́ rẹ̀, kó má baà já lé àwọn lórí. Jacob, ọkùnrin onírungbọ̀n tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà, gbé adìyẹ díndín wá, àwo kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àpèkẹ́ bu tiẹ̀ jẹ, ó sì pa ojú dé.

Ọláníran wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé Hezekiah ní ọgbọ́n díẹ̀, ì bá ti rántí pé àbúrò bàbá òun ló jókòó ti òun. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí i pé gbogbo ilé ń wo òun, ó sì gbàgbé ohun gbogbo. Ó na ọwọ́.

"Dìde, ọkọ ọmọ mi! Ilé alájà mẹ́ta lẹ máa kọ́!"

"Àmín!"

Ìyá Àjíkẹ́ yí ojú sí i díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó sọ nǹkan, Màdáámù Títíladé, ẹni tó ni kafé, ti jáde láti ẹ̀yìn báà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àjíkẹ́, ó wá dojú kọ Ọmọ́wùnmí.

"Ìyàwó wa rèé! Láti ọjọ́ tí a ti ń ṣe àmín fún yín, a ò fojú kàn yín rí. Ẹ kú oríire o! Ṣé ìgbéyàwó ti kọjá ni, àbí ó kù sí iwájú?"

Ọmọ́wùnmí ní, "Wọn ò tíì fún wa lọ́jọ́, Mà. Bàbá ní àwọn ò tíì lanu sí ọ̀rọ̀ náà rárá."

"Wọn ò tíì kí ni?"

Ìyá Àjíkẹ́ ní, "Ọmọ mi, àmín wo lẹ ti ń ṣe?"

"Ìyá, gbogbo Sátidé ni o! Ibi tí ọmọkùnrin yìí nà sí yẹn gan-an ló máa ń nà sí, bàbá á sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n súre ọmọ. Ìkejì, ìbejì."

Lọ́yà kan yí padà lórí àga gíga. "Ìkẹrin, bàbá fún wọn ní mọ́tò! Àwọ̀ ewé."

Ẹlòmíràn ní, "Ìkarùn-ún, àbíkẹ́yìn wọn máa di dókítà. Èmi ni mo ké àmín yẹn jù, ọ̀fun dùn mí dé ọjọ́ Ajé."

Ìyá Àjíkẹ́ ní, "Àjàní."

Ó ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pe Hezekiah ní oríkì rẹ̀ ní gbangba kẹ́yìn. Igi ìtayín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá."

"Ìwọ lo gbé ọwọ́ lé e lórí?"

"Mo kàn gbé e lé e díẹ̀ ni, Ìyá."

"O ní kó dìde?"

"Ilẹ̀ tutù ni, Ìyá. Mo ṣàánú rẹ̀."

"Kí lo pè é?"

Hezekiah wo fáànù. Fáànù kò gbà á sílẹ̀. Gbogbo kafé ló bá a dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ọkọ ọmọ mi!"

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Bí ọmọkùnrin bá nà sílẹ̀ fún bàbá ọmọ, tí bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, tó pè é ní ọkọ ọmọ, tó súre, tí àwọn tó pé jọ ṣe àmín, tí wọ́n sì jẹun àna lé e lórí, kí ló kù nílẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn ìdílé mìíràn ń ṣe é, ó sì ń mú bí oògùn. Hezekiah ti ṣe é lẹ́ẹ̀meje. Ọmọ́wùnmí ti di ìyàwó débi pé ó kù díẹ̀ kó di ìyá àgbà.

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi! Mi ò tíì lanu sí ọ̀rọ̀ yìí!"

"Ẹnu tí o kò tíì là," ni Ìyá Àjíkẹ́ wí, "ibo ni adìyẹ gbà wọlé?"

Ẹ̀rín wó ilé. Lọ́yà tó sọ àwọ̀ mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ láti orí àga. Èmi alára, omijé ń bọ́ lójú mi, mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run kò gbàgbé ẹni tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù nítorí ìdin kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n wòléwòlé kì í ṣe ọ̀lẹ. Hezekiah nà ró, ó fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Ẹ dákẹ́! Mo ti ṣe tán láti dájọ́. Ilé oúnjẹ yìí kò yẹ! Kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń padà wá. Adìyẹ wọn gbẹ. Ẹja wọn ní egungun. Bíà wọn tutù jù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó di ọdún tó ń bọ̀, títí a ó fi rí ilé oúnjẹ mìíràn tí mo máa wò."

Ojú Màdáámù Títíladé yí padà. "Adìyẹ ta ló gbẹ? Jacob! Ẹ bọ́ síbí. Báwo ni bàbá yìí ṣe máa ń jẹ adìyẹ?"

Jacob tẹríba. Ó ní, "Mà, àwo tí bàbá bá jẹun nínú rẹ̀, àṣà lásán ló ń jẹ́ kí a fọ̀ ọ́."

Ọmọ́wùnmí kúnlẹ̀ níwájú Hezekiah. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́ ọ.

"Bàbá, Ọláníran ń lọ ní Jánúárì. Bí ilé yìí bá dára, ẹ fún wa lọ́jọ́, ká wá jẹun níbí. Bí kò bá dára, ẹ fún wa lọ́jọ́, ká jẹun nílé. Èwo ni nínú méjèèjì?"

Hezekiah wo ọmọ. Ó wo adìyẹ tó kù nínú àwo. Ó tún wo ọmọ. Ó wo adìyẹ.

Ó ní, "Ó kù díẹ̀."

Àpèkẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Àpèkẹ́ tí ó ti fi ọdún méjìdínlógún bá a gbé jẹ́jẹ́. Ó gbé egungun itan sókè. "Bàbá Ọmọ́wùnmí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo jẹ ẹ́, ó ti yé mi!"

Ìyá Àjíkẹ́ gbé ọwọ́ sókè. "Sátidé tó bá tẹ̀lé Kérésìmesì ni ìgbéyàwó. Èmi Àjíkẹ́ ni mo mú un, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ bá bàbá mi nínú sàréè. Jíjẹ tí Àjàní ti jẹ ni ìpín tirẹ̀ nínú oúnjẹ ìdána. Bí a bá ń pín nǹkan lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu fún un."

Ọláníran ti ń tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Ìyá Àjíkẹ́ dá a dúró. "Ó tó, ọkọ mi. O ti nà sílẹ̀ tó. Jókòó ti ìyàwó rẹ." Ọmọ́wùnmí fi orí lé etí tábìlì, ó sunkún bí ọmọdé, Màdáámù Títíladé sì fún un ní bébà ìnuwọ́ kan láti fi nu ojú.

Ìyá Àjíkẹ́ wá kọjú sí Hezekiah. "Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìwọ ló kàn láti nà sílẹ̀."

"Níbí, Ìyá?"

"Ṣé ilẹ̀ tutù ni?"

Hezekiah wá olùgbèjà kiri. Ojú rẹ̀ bá èmi. "Télọ̀, bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mo ní, "Bàbá, mi ò tíì parí ìwádìí."

Ló bá nà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ti ń retí kí ṣòkòtò ya. Kò ya. Èmi ni mo rán an. Ó nà gbọọrọ láàárín tábìlì méjì, pẹ̀lú kóòtù dúdú, orí rẹ̀ wà lábẹ́ àga lọ́yà, bàtà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà báà. Gbogbo ilé wo Ìyá Àjíkẹ́, kí wọ́n lè ní kó dìde.

Ìyá Àjíkẹ́ fa àwo wọn mọ́ra. Wọn kò tíì fọwọ́ kan adìyẹ wọn láti ìgbà tí a ti dé. Wọ́n fi eyín mẹ́ta dì í mú, wọ́n ń jẹ ẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń mu omi, wọ́n tún ń jẹ. Jacob gbé oúnjẹ kọjá lórí Hezekiah lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Lẹ́ẹ̀karùn-ún, kò wí nǹkan mọ́.

Nígbà tó yá, egungun nìkan ló kù. Ohùn kan ti ìsàlẹ̀ wá. "Ìyá, ṣé kí n dìde?"

Ìyá Àjíkẹ́ nu ọwọ́. Wọ́n pe Jacob. "Ọmọ mi, ṣé ẹ ní ẹja?"

"Ó wà, Ìyá. Ṣùgbọ́n a máa ṣẹ̀ṣẹ̀ dín in ni."

"Ẹ rọra dín in," ni wọ́n wí. "A ò kánjú."